Ṣé dandan ni kí n ra interface fún kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe orin nílé?

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin olórin. Ìgbógbo ni mo ń gbé níbí ní Ìkòròdú, yàrá mi náà ni mo fi ṣe ibi iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ni mo ní, Windows 10, Core i5, RAM 8 GB, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù MIDI (dùùrù tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà) kékeré oníbọ́tìnnì 49 àti hẹ́dífóònù kan. FL Studio ni mo fi ń ṣe bíìtì fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ fújì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ládùúgbò.

Ọ̀gá kan tó ń ta irinṣẹ́ orin sọ fún mi pé bí mi ò bá ra interface, ìyẹn sound card tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, iṣẹ́ mi ò lè jáde bí iṣẹ́ sítúdíò láéláé. Owó tí mo ti tù jọ lè ra èyí tó wà níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n owó yẹn kan náà ni mo fẹ́ fi ra RAM kún láptọ́ọ̀pù, torí pé bí mo bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, ohùn máa ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì máa ń ta pàpà nígbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Sáńdìmáànù Ṣàbó:
Àbúrò, ra interface, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ṣe ohùn inú láptọ́ọ̀pù fún orin. Láti ìgbà tí mo ti so tèmi mọ́ ọn ni bíìtì mi ti mọ́ gaara, báàsì wá ń dún bó ṣe yẹ. Mi ò tíì rí sítúdíò kan láti Gárèjì títí dé Ọdọgúnyàn tí wọ́n ti ń fi ihò íápíìsì ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Sáńdìmáànù, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí ọmọ yìí tó náwó rẹ̀.

Ohun tí etí ń gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fáìlì. Nígbà tí ẹ bá ní kí FL Studio kó orin jáde sí WAV, processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orin náà kò gba inú interface kọjá rárá. Ẹ yọ interface yín, ẹ tún kó orin kan náà jáde, ẹ gbé fáìlì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àyàfi bí plugin kan, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tí a ń lò nínú FL Studio, bá wà níbẹ̀ tó máa ń yí nǹkan padà fúnra rẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Báàsì tí ẹ ń gbọ́ dáadáa sí i, mo gbà pé òótọ́ ni, torí agbára tó ń gbé hẹ́dífóònù yín ló yí padà. Hẹ́dífóònù 250 ohm, ihò láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní agbára tó máa gbé e dáadáa. Èyí ń jẹ́ kí ẹ lè dá míìsì lẹ́jọ́, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n bíìtì tí oníbàárà gbé lọ sílé kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ni interface. Ohùn ènìyàn, jìtá, ìlù, gbogbo ohun tó fẹ́ wọlé láti ìta ló nílò ilẹ̀kùn tó dára. Ohun tí wọ́n bí sínú kọ̀ǹpútà kò ní í fi ṣe.

Wàyí o, àbúrò mi ní Ìgbógbo. Ìpẹ́ tí o ń sọ yẹn, ibi tí ohùn ń gbà jáde nínú Windows ni kí o kọ́kọ́ wò. Kọ̀ǹpútà kì í fi ohùn ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó o jọ sínú buffer kó tó tì í síta. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ 44,100 ẹyọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, buffer ẹyọ 1,024 yóò dá ohùn dúró fún mìlísẹ́kọ̀ǹdù 23, ti 512 yóò dá a dúró fún bíi 11.6, ti 256 fún 5.8. Nǹkan mìíràn máa ń kún un lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí Windows ń lò fún gbogbo ayé, ibi tí ohùn fídíò, ohùn WhatsApp àti ohùn orin rẹ ti ń pàdé kí wọ́n tó jọ jáde, òun ló ń pẹ́ jù. Torí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Steinberg fi ṣe ASIO ní 1997, kí ohùn lè gba ọ̀nà tààrà lọ sí sound card. Interface tó dára máa ń ní driver ASIO tirẹ̀ (driver ni sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ kan), ìyẹn sì jẹ́ ara ohun tí èèyàn ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n FL Studio ASIO ti wà nínú sọ́fítíwíà rẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ASIO4ALL. Lọ sí Options, wọ Audio settings, wo orúkọ tó wà níwájú Device. Kí lo rí níbẹ̀?

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. "Primary Sound Driver" ni mo bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé yí padà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Gbé e sí FL Studio ASIO. Bẹ̀rẹ̀ láti 512, kí o máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mìlísẹ́kọ̀ǹdù 10 kò ju pé kí o dúró ní nǹkan bíi mítà 3 àbọ̀ sí sípíkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì jìnnà sí sípíkà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì ráhùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o gbọ́dọ̀ dé 32.

Ọmọ Ìgbógbo:
Mo ti ṣe é. Ní 512, bọ́tìnnì ti ń dáhùn kíákíá, ó yà mí lẹ́nu. Ní 256 ó ṣì dára bí plugin kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé piano ńlá àti string sí i, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpà. Ní 128 kò ṣeé gbọ́.

Oníwáyà Ìjẹ̀dẹ̀:
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mo sì máa ń tún irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

Ìró pàpà yẹn túmọ̀ sí pé processor kò parí ìṣirò kí buffer tó ṣófo. Nínú Audio settings yẹn kan náà, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n pè ní underruns. Bó bá ń lọ sókè nígbà tí pàpà bá dún, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. RAM ńkọ́? Ṣí Task Manager nígbà tí orin tó wúwo jù bá ń dún. Bí memory kò bá kún, RAM tí o fẹ́ rà kò ní wo pàpà sàn. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn sample, ìyẹn ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, sí ni RAM, òun kọ́ ló ń ṣírò wọn.

Lẹ́yìn náà, gbé Power plan sí High performance, pa Wi-Fi nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, kí o sì ti gbogbo browser. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní LatencyMon. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò fi driver tó ń dí ohùn lọ́wọ́ hàn ọ́. Mo ti bá driver Wi-Fi níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ òun ló ń fa ọ̀ràn, interface olówó gọbọi náà yóò máa ta pàpà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn.

Ohun kan kù. Nígbà tí o bá ń gbọ́ orin nínú hẹ́dífóònù, ṣé nǹkan kan máa ń kùn lábẹ́lẹ̀? Yọ ṣájà, kí o gbọ́ ọ lórí bátìrì nìkan. Bó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ṣájà àti iná ni ariwo ti ń wá. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀dẹ̀ níbí ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Ègbin wà, 1,320 megawatt ni wọ́n kọ́ ọ fún, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ àti inverter la sábà máa fi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Inverter tí iná rẹ̀ kò rí bíi ti NẸ́PÀ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní modified sine wave, máa ń sọ ariwo sínú ohùn ju NẸ́PÀ lọ.

Sáńdìmáànù Ṣàbó:
Oníwáyà, ariwo ṣájà yẹn gan-an ni mò ń sọ. Ṣé interface ò ní mú un kúrò ni?

Oníwáyà Ìjẹ̀dẹ̀:
Nígbà mìíràn ni. Inú láptọ́ọ̀pù, sound card jókòó sáàárín processor àti fáànù, ariwo wọn sì máa ń wọ ọ́ lára. Bí o bá gbé e jáde, ìyẹn á dínkù. Ṣùgbọ́n interface tó ń gba iná láti USB ṣì so mọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn náà, láptọ́ọ̀pù so mọ́ ṣájà, sípíkà rẹ sì so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí iná bá rí ọ̀nà yípo láàárín wọn, híhùn 50 Hz á máa dún lọ. Wáyà TRS balanced láti interface sí sípíkà ló sábà máa ń pa á, ìyẹn bí sípíkà bá ní ihò fún un. Bí ẹ bá ra interface, tí ẹ tún fi wáyà RCA kékeré so ó mọ́ sípíkà, ẹ lè bá ariwo yẹn pàdé padà.

Àǹtí Olórin:
Ẹ kúulé. Orin ìyìn ni mo ń kọ, Òwútù ni mò ń gbé. Mi ò ní interface. Máìkì USB ni mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí wà: ohun tó ń gbé ohùn sókè, ohun tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, àti ihò hẹ́dífóònù lára rẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ara mi láìpẹ́. Àwọn tó gbọ́ orin mi kò bèèrè irú máìkì tí mo lò.

Yàrá ni mo ń dààmú lé. Páànù òrùlé wa, bí òjò bá ti ń rọ̀, ó parí. Mo máa ń gbé mátíràsì dúró sẹ́yìn mi, máa ta aṣọ wíwúwo sójú fèrèsé, kí ohùn má bàa máa lu ògiri padà. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ ju ohun tí mo rà lọ́jà lọ. Àbúrò, ṣé ìwọ náà fẹ́ máa gba ohùn akọrin sílẹ̀, àbí bíìtì nìkan?

Ọmọ Ìgbógbo:
Àǹtí, ẹ ṣé. Bíìtì nìkan ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kí n gba orin kan sílẹ̀ fún òun, ó sì fẹ́ kí wọ́n lu gángan sí i bí òun ṣe ń kọrin, torí ó fẹ́ kí onílù máa dá òun lóhùn. Ẹnì kan yá mi ní máìkì condenser. Mo fi wáyà so ó mọ́ ihò láptọ́ọ̀pù, kò dún rárá. Mo ti pa Wi-Fi, mo sì ti gbé Power plan sí ibi tí Oníwáyà sọ. Ní 256, pàpà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Memory kò kọjá 5 GB.

Oníwáyà Ìjẹ̀dẹ̀:
Fi RAM sílẹ̀ nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Ní báyìí ọ̀rọ̀ ti yí padà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí rí ibi tó ti yí. Nígbà tí àbúrò yìí ń ṣe bíìtì nìkan, kò nílò interface. Orin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ kọ ló mú un wá.

Máìkì condenser yẹn kò bàjẹ́. Ó ń retí iná 48 volt tí wọ́n ń pè ní phantom power, èyí tó ń gba inú wáyà XLR wá. Ihò láptọ́ọ̀pù kò lè fún un ju volt díẹ̀ lọ. Máìkì dynamic, bíi SM58 tó ti wà láti 1966, kò bèèrè 48 volt, ṣùgbọ́n ohùn tó ń mú wá kéré gan-an, bíi mìlífóòtì díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sókè lọ́pọ̀lọpọ̀, bí láptọ́ọ̀pù bá sì gbìyànjú rẹ̀, ṣííṣíí ni wà á gbọ́ lẹ́yìn ohùn. Iṣẹ́ preamp inú interface nìyẹn, òun gan-an ló yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ náwó.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Olórin dára púpọ̀ fún ẹni tó ń dá kọrin. Ibi tí máìkì USB ti ń kù díẹ̀ káàtó ni ìgbà tí èèyàn méjì bá fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Windows, ASIO sábà máa ń gba ẹ̀rọ kan ṣoṣo lásìkò kan. ASIO4ALL lè da méjì pọ̀, ṣùgbọ́n aago inú máìkì kọ̀ọ̀kan kò rìn dọ́gba pátápátá, bí orin bá sì gùn, ìlù àti ohùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ara wọn. Olórin àti onígángan tó ń dá ara wọn lóhùn nílò ihò XLR méjì lára interface kan náà.

Oníjìtá Ọdọgúnyàn:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti jìtá kún un, bóyá ẹlòmíràn á nílò rẹ̀. Jìtá oníná kò ní í dún dáadáa nínú ihò máìkì láptọ́ọ̀pù. Pickup rẹ̀ ń fẹ́ ihò tí wọ́n kọ Hi-Z tàbí Inst sí, tó máa ń tó bíi megaohm kan. Bí ẹ bá kì í sí ihò tí kò tó bẹ́ẹ̀, ohùn òkè á kú, jìtá á dún bí ẹni pé aṣọ bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi plugin ṣe amp kò lè yẹra fún interface. Ní tèmi, bíìtì mi ò dára tó bí jìtá ò bá sí níbẹ̀, nítorí náà mo ra tèmi kí n tó ra máìkì.

Àǹtí Olórin:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn V8 tí wọ́n ń tà ká, tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ṣé interface náà ni? Wọ́n fi lọ̀ mí rí.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Rárá o, Àǹtí. Àwọn tó ń ṣe láìfù lórí fóònù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kí wọ́n lè fi àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín sí i. Ẹ má fi gba orin tí ẹ fẹ́ tà sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbà pé interface ni: ihò XLR gidi, bọ́tìnnì 48V, ihò hẹ́dífóònù, ihò méjì tó ń lọ sí sípíkà, àti driver ASIO tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Sáńdìmáànù Ṣàbó:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà pé bó bá ti rà á, ó yẹ kó máa gbọ́ bíìtì rẹ̀ láti inú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọmọ tó ń ṣe bíìtì pẹ̀lú hẹ́dífóònù kan máa rò pé òun kò lè ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi rí owó interface. Mo mọ àwọn tó pa kọ̀ǹpútà wọn tì nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Aláyàn Àgbọ̀wá:
Ẹ kú ìpàdé. Onílù ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún máìkì mọ́ ojú gángan. Àwọn tó ń gba ìlù sílẹ̀ máa ń ṣe é, ọ̀pá ìlù sì máa ń dún kọ̀kọ̀ ju ohùn ìlù lọ. Gángan ń sọ̀rọ̀, okùn tí a ń fún ló ń gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò. Ẹ fi máìkì sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó kọjú díẹ̀ sí ojú tí a ń lù, kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Kí olórin àti onílù má sì kọjú síra wọn ní tòsí, torí gángan yóò wọ máìkì olórin pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté:
Aláyàn, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Mo fi èyí kún un: ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, kí gain (bí ẹ ṣe gbé ohùn máìkì sókè tó) má pọ̀, kí ìlù tó le jù má kọjá bíi -12 lójú mítà. Ní 16-bit, àyè tó wà láàárín ohùn tó le jù àti ariwo jẹ́ nǹkan bíi 96 dB, 24-bit fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí náà kò sí ìdí láti máa tì í sókè. Ohùn gángan tó bá ti fọ́ nígbà tó ń wọlé, kò sí plugin tó lè tún un ṣe pátápátá.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọrin, tan direct monitor lára interface, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè gbọ́ ara rẹ̀ kí ohùn tó dé kọ̀ǹpútà. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o lè gbé buffer padà sí 512 tàbí 1,024, láptọ́ọ̀pù á sinmi, pàpà kò sì ní bá orin jẹ́.

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ti pinnu. Mi ò ra RAM mọ́. Màá máa ṣe bíìtì pẹ̀lú FL Studio ASIO bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, màá sì wá interface oníhò méjì nítorí orin ẹ̀gbọ́n mi. Àlòkù ni agbára mi ká. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀ kí n tó sanwó?

Oníwáyà Ìjẹ̀dẹ̀:
Gbé láptọ́ọ̀pù rẹ àti máìkì condenser yẹn lọ, má gbà kí wọ́n fi tiwọn dán an wò fún ọ. Kí o tó lọ, ṣí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wò ó bóyá driver wà fún Windows 10. Bí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ FireWire, fi sílẹ̀ bó ti wù kó pọ̀ọ́kú tó, láptọ́ọ̀pù rẹ kò ní ihò rẹ̀. So máìkì mọ́ ihò kìíní, tan 48V, sọ̀rọ̀. Ṣe bákan náà ní ihò kejì, torí ẹnì kan lè máa lo ẹyọ kan fún ọdún púpọ̀ kó má mọ̀ pé èkejì ti kú. Yí gbogbo bọ́tìnnì gain láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí o máa gbọ́ bóyá ó ń họ. Mi wáyà USB díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti wọ ara rẹ̀. Bó bá ń kú, tó ń jí, má rà á.

Aláyàn Àgbọ̀wá:
Bí ó bá ti rí i rà, kó kọ sí mi níbí. Kó yan ọjọ́ tí òjò ò ní rọ̀ o, Àǹtí ti sọ ọ̀rọ̀ páànù. Kó sì fi key orin náà ránṣẹ́ ṣáájú, kí n lè fún okùn gángan sí i kí n tó kúrò nílé.

Ọmọ Ìgbógbo:
Key F ni, bọ̀dá. Bíìtì rẹ̀ jẹ́ 104 BPM. Mo ń lọ wo interface kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àgríìkì lọ́jọ́ Sátidé, láptọ́ọ̀pù àti máìkì ti wà nínú báàgì.